Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Géètì Màmá Aránṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, n ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí, orí ilẹ̀ tí wọ́n jí ni mo kọ́ ọ lé. Èmi ni olè náà. Ẹ má wo ara yín lójú, èmi ni kí ẹ wò.

Ẹ mọ̀ pé àjọ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ìránṣẹ́ ni wọ́n gbà mí sí, ṣùgbọ́n inú ìwé òfin tí àwọn ọ̀gá ń jù nù ni mo ti kọ́ ara mi, títí tó fi di pé èmi ni wọ́n ń bi léèrè. Òfin fún àjọ wa lágbára láti gba ilẹ̀ fún ọgbà, láti fi ilẹ̀ háyà, láti ta èyí tí kò bá wúlò mọ́. Ohun kan ló dè wá lọ́wọ́: a gbọ́dọ̀ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà onílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bó bá takò ó, ó di ilé ẹjọ́. Bó bá dákẹ́, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní, "Ilẹ̀ aránṣọ yẹn wọ̀ mí lójú. A ó gbà á fún ọgbà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, a ó ní kò wúlò mọ́, a ó tà á. Púlọ́ọ̀tì kan á kàn ọ́."

Mo ní, "Obìnrin yẹn mọ̀wé, sà. Á takò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lọ́yà tí kò ní wíìgì, wá nǹkan ṣe sí i."

Mo sì wá a, orí mi burú! Obìnrin yìí ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní kí n máa pe òun ní màmá. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, èmi ló ní kí n wá sin òun lọ sílé. Dókítà di ojú méjèèjì, ó ní kò gbọdọ̀ tú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀. Èmi ti ṣírò rẹ̀ kí dókítà tó pa ẹnu dé. Mo fi màmá jókòó sórí àga, mo jáde, mo lẹ ìwé mọ́ géètì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń táràrà jáde, ọwọ́ rẹ̀ bà á.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì mi?"

"Ìpolówó ọṣẹ ni, màmá."

"Ọṣẹ ọ̀hún dára? Bá mi ra méjì."

Mo rà á wá. Ẹ gbọ́ mi? Mo ra ọṣẹ méjì wá kí irọ́ mi lè dúró.

Ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n tú ojú rẹ̀. Ìwé tó kọ́kọ́ kà lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ là ni ìwé yẹn. Ó kà á tán. Ó wọlé, ó kó ọṣẹ méjì náà jáde, ó fi wọ́n sí mi lọ́wọ́.

"Fi fọwọ́, ọmọ mi."

Yàrá kan tó háyà ló kú sí.

Àkọ́bí mi, o ń bi mí pé níbo lẹ ó gbé? Ẹ wá yàrá kan, ó tó màmá gbé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì ń ránṣọ lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ẹ dá ilé padà fún un, ẹ bá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, orúnkún tèmi ò ṣe é kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ọ́fíìsì, kò sí ibi tí mo ti rú òfin nínú gbogbo ohun tí mo ṣe yìí. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù.

Àpótí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ọṣẹ méjèèjì náà wà níbẹ̀. N ò tíì fi wọ́n fọwọ́.