Ẹ̀rí Tí Ẹ Jẹ́ Nípa Dìran

Mọ̀mí, mi ò jókòó. Ẹ má bu kunu fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi láti Ibo Road wá sí Railway Quarters nínú oòrùn yìí, ọmọ lẹ́yìn mi, ṣọ́ọ̀bù ní títì, fóònù oníbàárà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì: ta ló ní kí ẹ dárúkọ iléeṣẹ́ Dìran nínú ẹ̀rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹ̀rí dára, mi ò ní kò dára. Dìran ọmọ yín, ọkọ mi, wà ní Dubai, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Sabon Gari níbí, gbogbo ìjọ rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n gbọ́ bó ṣe pe "Jọmílójú," wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá kàn kí ẹ gba makirofóònù, kí ẹ ní ìjọba ibẹ̀ ti ìpè WhatsApp pa, pé Olúwa ló fún ìyàwó ọmọ yín lọ́gbọ́n tó fi ní kó fi VPN sórí fóònù rẹ̀, tó fi gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá tí wọn ò rí i? Ẹ dárúkọ Dìran, ẹ dárúkọ bàbá rẹ̀, ẹ dárúkọ iléeṣẹ́, ẹ dárúkọ kámpù òṣìṣẹ́ tó ti ń sùn. Ó ku kí ẹ júwe bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún wọn.

Haba, Mọ̀mí. Òkété tó ń yọ́ gba inú ihò lọ, ṣé ìyá rẹ̀ ló yẹ kó dúró lẹ́nu ihò kó máa kọrin ọpẹ́?

Ta ló sì ní kí n wá ọ̀nà? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní ọmọ ilé Adékànmí kì í gba orúkọ lẹ́nu ẹlòmíràn, baba ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é. Mo ní kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́, ẹ ní ohùn inú agolo kọ́ ni baba. Ni mo bá ń kọ́ ọmọ yín díẹ̀díẹ̀: tẹ ibí, dúró, mú ìlú mìíràn, wàá rí kọ́kọ́rọ́ kékeré lókè, ìgbà yẹn ni kó o pè mí. Mi ò kà á nínú ìwé kankan, fóònù àwọn èèyàn tí mò ń tún ṣe ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sì kìlọ̀ fún un pé tó bá ti parí kó yọ ọ́ kúrò, torí iléeṣẹ́ wọn ti lé ẹnìkan nítorí ẹ̀.

Ó yọ ọ́, Mọ̀mí. Lọ́jọ́ náà gan-an. Fóònù Dìran mọ́ tónítóní. Ẹnu yín ló kù.

Ẹ má bínú. Ẹ fojú fò ó.

Kí lẹ wí? Pé Yorùbá lẹ sọ, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò gbọ́? Ẹ ti gbàgbé pé ìjọ wa kì í gbé fídíò ẹ̀rí sórí ẹ̀rọ ayélujára láì kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀? Àwọn ọmọ tí a bí sí Kano níbí, tí ẹ bá fi Yorùbá pè wọ́n, Hausa ni wọ́n á fi jẹ́ yín, torí tiwọn ni Virtue tó ń ya fídíò ṣe máa ń túmọ̀ gbogbo ẹ̀rí. Ó túmọ̀ tiyín dáadáa. Orúkọ iléeṣẹ́ yẹn, kò ṣi lẹ́tà kan kọ. Àwọn èèyàn sì ń pín in kiri, wọ́n ń ṣe àmín, títí ó fi dé kámpù. Ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá ló fi han Dìran, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ẹ mà lẹ́nu o. Dìran ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ra káàdì, ó fi ìpè gidi pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní: "Bẹ Mọ̀mí kí wọ́n yọ ọ́ kí ọ̀gá kámpù tó rí i." Káàdì tán.

Mo sáré bá Virtue. Ó ní òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rí ẹnikẹ́ni, àfi kí ẹni tó jẹ́ ẹ fẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́, bí wòlíì ìjọ wa ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn. Mo wá pè yín, ẹ kọ̀. Ẹ ní ẹni tó bá sẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ìbùkún á padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ló ní kí ẹ sẹ́ ẹ? Ọlọ́run ti gbọ́ ọ, ìjọ ti gbọ́ ọ. Ṣé inú fídíò ni ìbùkún ń gbé?

Ẹ ní tí wọ́n bá tiẹ̀ dá a padà, á kúkú wá rí ọmọ rẹ̀. Wallahi, Mọ̀mí, ẹ má tún sọ ìyẹn mọ́. Ẹni tí wọ́n lé yẹn, àhámọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ ibi tó wà títí ó fi yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ wò ó, ọmọ ọmọ yín náà wà lẹ́yìn mi. Ẹ ò ní sọ pé irọ́ lẹ pa. Ẹ kàn ní kó yọ ọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti tẹ nọ́ńbà Virtue, ó ń dún. Ẹ gbà, etí tó ń gbọ́ dáadáa ni kí ẹ fi sí.

Ó ti gbé e, Mọ̀mí. Ó ń béèrè pé ta nìyẹn. Ẹ dá a lóhùn.