Ìwọ̀fà Ní Ọjọ́ Oko Tirẹ̀

Nídìí tábìlì obìnrin kan tó ń ta ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, inú ìgò lẹ́bàá títì Ṣakété, bàbá àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí alùpùpù níwájú mi, àríyànjiyàn wọn kò sì jẹ́ kí n bínú pé wọ́n ń pẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ìjọba tún ti lọ yáwó, wọ́n sì ti bu owó orí lé epo. Láyé baba mi, ẹni tó bá yáwó a fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lóko olówó. Àwọn yìí ńkọ́, ta ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà?"

"Èmi àtìwọ ni. Àbí o ti gbàgbé bí eruku ṣe ń sọ ọ́ di pupa ká tó dé Pobẹ̀? Owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi da ọ̀dà sí ọ̀nà náà. Gbogbo ìgbà tá a bá ra epo, iṣẹ́ ìwọ̀fà là ń ṣe yẹn."

"Ẹ ṣáà kọjá ilé epo tó ń san owó orí. Ìdí ìgò tí kò san nǹkan kan fún ìjọba lẹ gbé mi wá."

Ẹ̀rín pa ẹlẹ́po títí ẹ̀sáǹsì fi ta sílẹ̀. Bàbá rọra ṣáná sí alùpùpù.

"Ìyá wọn, ìwọ̀fà náà ní ọjọ́ tó ń lọ sóko ara rẹ̀. Òní ni tiwa. Dì mí mú dáadáa."

Ìyá gbá a mú láti ẹ̀yìn, ó gbé àgbọ̀n lé e léjìká.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ọjọ́ wo lẹ tiẹ̀ lọ sóko olówó rí?"