Abẹ́rẹ́ Kúbùsù Tí Mo Fi Gún Ẹ̀rọ Múónì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ tiẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ibojì. Èmi Nthofeela ni mo ba ayé Moeketsi jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, inú mi sì dùn.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ka múónì lórí òkè. Múónì làwọn ohun tíntìntín tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, tó ń gba ara wa kọjá tá ò mọ̀. Pátákó ike méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí múónì bá gbà wọ́n kọjá, àwọn méjèèjì á kọ mànà pọ̀, ẹ̀rọ á kà á. A fi ọ̀rá dúdú wé wọn kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má baà wọlé, kí ẹ̀rọ má baà kà á mọ́ múónì. Èmi ni mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì yí wọn ká wá ihò. Tí mo bá ti ní kò sí, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Gbogbo ìgbà òtútù, nínú yìnyín, èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ táwọn àlejò dé láti Maseru, olú ìlú wa, Moeketsi nawọ́ sí mi: "Ẹ má da ara yín láàmú bi obìnrin yìí ní nǹkan kan jàre, tíì ló ń sè fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Títí dòní, tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi á gbóná. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo fa abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi so kúbùsù òtútù mọ́ra yọ ní èjìká mi, mo gún ọ̀rá pátákó méjèèjì.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti yọ, iye múónì á gòkè. Moeketsi ní òun ti rí ohun tuntun nípa oòrùn. Wọ́n fún un láyè láti lọ kàwé lókè òkun. Ó bi mí pé, "Nthofeela, ṣó o yẹ ọ̀rá yẹn wò dáadáa?" Mo ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ihò kankan."

Níbi àpérò, ìyá àgbà onímọ̀ kan ní kí wọ́n da kúbùsù bo ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án, kí wọ́n tún un kà. Iye náà wálẹ̀. Wọ́n rí ihò, wọ́n ní Moeketsi ló lu ú kó lè gbayì. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi: "Jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé ìwọ lò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rẹ́ wọn jẹ." Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ṣebí tíì ni mò ń sè." Mo sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, èmi ìkà.

Wọ́n lé e. Àgùntàn olówó ló ń dà ní Semonkong báyìí. Ẹ lọ bá a, ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀ ẹ́. Tó bá ń ṣépè, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ ẹ tán. Ẹni tó bá sì fojú tín-ín-rín yín, ẹ sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Moeketsi lè dárí jì mí. Ìyá rẹ̀ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀. Ó ti kú, ó sì gbà títí tó fi kú pé òpùrọ́ lọmọ òun.