Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Mùsáfírù

Ìyàwó Mùsáfírù, gbé abọ́ ògì yẹn sílẹ̀, kí o jókòó. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ yóò bá mi jà. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti pẹ́ jù. Gbogbo Ìbafò ń pe èmi Ọláwuyì ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ oògùn lásán ni mò ń tà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yé pè mí bẹ́ẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi.

Ọdún 2006 ni ọkọ rẹ kọ́kọ́ wá. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo po oògùn mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Ara tó ṣiṣẹ́ á dunni, bó bá sinmi, á lọ. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá jókòó síni lára fún oṣù mẹ́jọ, nǹkan mìíràn ló ń wí. Mo mọ̀. Síbẹ̀, bó bá ti ní, "Dókítà, ẹ fún mi ní èyí tó le," màá fi kún un ni. Ọ̀dájú ni mí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, o mú un lọ bá nọ́ọ̀sì kan l'Ówódé. Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀wé, lẹ bá gbé e wá bá mi. Ó wà níbẹ̀ pé àpòpọ̀ oògùn ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, kó má lò ó mọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú tì mí. Mo ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kó máa lo oògùn mi lọ." Ọkọ rẹ rẹ́rìn-ín sí ọ: "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ẹ ṣé, Dókítà." Mo tún di ọ̀rá méjì lé e lọ́wọ́. Kò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Níbi òkú lo ti nawọ́ sí ìyá rẹ̀ tó ti Ìfọ̀ wá: "Ẹ̀yin lẹ jẹ ọmọ yín!" Ìyá arúgbó yẹn wólẹ̀ sórí yanrìn, ó ń fi Kùránì búra. Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Wọ́n lé e jáde, o ò sì jẹ́ kó rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ìrora Mùsáfírù ti tán. Ti ìyá yẹn ti wọ ọdún kẹta. Àrùn tó ń jẹ mí léegun yìí ló kọ́ mi bí ìrora tí kì í lọ ṣe ń rí. Bí o bá lè dárí jì mí, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kó àwọn ọmọ, kí ẹ wọkọ̀ Ìfọ̀ lónìí. Lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. Kò jẹ ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo pa á.