Ojú Ọláolú Tó Fọ́ Lẹ́yìnkùlé Mi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọláolú, sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn irinṣẹ́. Nígbà tí mo dé àdúgbò Madagascar níbí, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, òòlù kan ṣoṣo ni mo ní. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ra ayùn, mo ra ẹ̀rọ tí ń lu ihò sára igi, mo ra meule tí wọ́n fi ń gé irin, mo fi wọ́n kọ́ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé mi bí ẹni kó ẹ̀ṣọ́ jọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, èmi àti Ọláolú a máa kan àga àti tábìlì níbẹ̀. Aránṣọ ni Ọláolú ní ọjà Marché Congo, ọ̀rẹ́ mi àtàtà sì ni. Meule yẹn ní irin tó bo abẹ rẹ̀ kí èérún má baà ta séèyàn lójú. Mo tú irin náà kúrò, torí mo fẹ́ ki abẹ tó tóbi jù bọ̀ ọ́. Abẹ ọ̀hún ti já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì rí, ó sì ti sán. Mo rí ibi tó ti sán. Ahun ni mí, n kò jù ú nù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọláolú wá gé irin tó fẹ́ fi ṣe ilé adìyẹ fún Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó bi mí pé, "Dáúdà, ẹ̀rọ yìí ò ní wàhálà?" Mo ní, "Ça va, kò sí wàhálà, gé irin ẹ jàre." Kò pẹ́ rárá tí abẹ náà fi fọ́ yángá. Ọláolú ṣubú, ó ń ké pé, "Ojú mi o! Dáúdà, gbé mi!"

Ẹ̀yin èèyàn, n kò gbé e. Ẹ̀rọ ni mo sáré gbé. Mo ṣa èérún abẹ náà dà sí gọ́tà, mo ki abẹ kékeré bọ̀ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í de irin ìbòrí rẹ̀ padà. Juwairiyyah ìyàwó mi yọ sí mi. Ó ní, "Bàbá Muzzammil, èèyàn ń kú lọ, ẹ ń de nọ́ọ̀tì?" Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, àbí ó fẹ́ kí pólíìsì wá gbé mi ni? Ó pa á mọ́. Ìgbà tí mo de nọ́ọ̀tì tán ni mo tó ké sí aládùúgbò.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ká ní a tètè gbé e dé ni, ojú kan ì bá ṣẹ́kù. Etí mi ló gbọ́ ọ. Mo tún purọ́ fún Adéfúnkẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ ṣeré, pé mo kìlọ̀ títí. Ọláolú wá na ọwọ́ wá mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, mo ba irinṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo ní mo ti dárí jì í. Èmi! Èmi ni mo dárí jì í!

Juwairiyyah kò lè bá mi gbé mọ́, ó padà sí Ìlọrin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ má fi ohun tó ti sán lé ọmọ èèyàn lọ́wọ́ láé.

Ọláolú, láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ lo ti ń táràrà wá gbàdúrà fún mi. N kò ní ojú tí mo lè fún ọ. Bí o bá lè dárí jì mí, fọwọ́ kàn mí. Bí o kò bá lè dárí jì mí, bú mi, kí n gbọ́ ohùn rẹ. Adéfúnkẹ́, jọ̀ọ́, má fà á dìde. Má mú un lọ. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná.