Lẹ́tà Mọ́kànlélọ́gọ́ta Tí Kò Kúrò Nílé

Alága ẹgbẹ́ wa, Olóyè Bọ́dúnrìn, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà wa, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Warri, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ ò gbọ́ Yorùbá, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn tó kù bá rẹ́rìn-ín, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síbí, tí a bá fi Yorùbá pè tí ẹ fi Píjìn dáhùn, ẹ̀yin náà ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi Olúṣọlá Adéyẹyè fi ṣe akọ̀wé yín. Nígbà tí mo dé Warri, irun kún orí mi. Ẹ wo ohun tí ẹ fi mí dà. Lọ́la, èmi àti ìyàwó mi ń padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́, kí n sì jẹ́wọ́, nítorí ohun tí apá kan yín mọ̀ nípa mi kò pé, ohun tí apá kejì sì mọ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú ímeèlì wọ ẹgbẹ́ yìí. Mo gbé áàpù ímeèlì kan sínú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní pálọ̀ mi ní Okumagba Layout. Bí lẹ́tà bá dé, á wọ inú kọ̀ǹpútà náà, á jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tiẹ̀ sí, mo lè kà á, mo lè kọ èsì sílẹ̀. Kí ni èèyàn tún ń wá?

Àfi ìgbà tí Tẹjú dé. Dìde, Tẹjú, kí wọ́n rí ọ. Ilé-iṣẹ́ epo kan ló gbé e wá láti Èkó, ẹ sì fi í ṣe igbákejì mi. Oṣù kejì tó dé, ó dìde nípàdé, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé yín. Ẹ jẹ́ ká máa ṣí ímeèlì ẹgbẹ́ lórí búráúsà. Ibi yòówù tí èèyàn bá wà, lórí fóònù o, ní ọ́fíìsì o, á kàn fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé ni."

Mo ní, "Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Á padà dé, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tako ọ̀rọ̀ yẹn. Mo làágùn. Mo lu tábìlì. Nígbà tí mo jókòó, Alága ní, "A ti gbọ́ yín, Akọ̀wé. Ti Tẹjú la ó ṣe." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo délé tìbínú-tìbínú, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Áàpù yẹn ní bọ́tìnnì kan tí èèyàn fi ń yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́, kí lẹ́tà ẹnikẹ́ni má baà dí mi lọ́wọ́. Mo wá kọ̀wé sí Alága pé mo fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó ń fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ nípàdé kò yẹ kó gé ti ẹlòmíì kúrú. Mo kọ ọ́ pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ wọn máa ń gùn débi pé àwọn tó pẹ́ dé ṣì ń bá a níbẹ̀. Mo kọ nípa fìlà wọn. Ẹ má bi mí ohun tí mo kọ nípa fìlà. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, mo sì lọ jẹun.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ojú líle wá. Mo ń retí kí Alága na ìka sí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi ni, wọ́n ní, "Akọ̀wé wa, ilé ńkọ́? Ẹ bá wa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá." Ara mi rọ̀. Mo ní bàbá yìí ka gbogbo èébú yẹn, wọ́n sì gbé e mì! Nígbà tí ìyàwó mi ṣàìsàn, Alága fúnra wọn gbé ẹja tútù wá sílé wa. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yíwà padà. Mo ń tètè dé. Mo ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ wákàtí méjì. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yin fìlà.

Oṣù méje kọjá. Lẹ́tà àròyé kankan ò wọlé sí mi. Mo ní ẹgbẹ́ ti gbọ́n. Ẹ ń pé sípàdé. Mo ní lẹ́tà ìpè mi ló ń mú yín wá. Mi ò mọ̀ pé Tẹjú ló ń fi WhatsApp sọ fún yín, tó tún ń dá gbogbo lẹ́tà lóhùn lórí búráúsà, tó rò pé ó ti rẹ̀ mí ni.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Cynthia ọmọ mi, tó wá sinmi láti yunifásítì, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, "Daddy, who put this thing for offline? E don tey o!"

Mo ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó ti tẹ bọ́tìnnì náà padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo ti kọ láti oṣù méje, tí ìkankan ò tíì kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú mi. Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Bátìrì tí mo fọwọ́ ara mi gbé sábẹ́ tábìlì nítorí NEPA gbé kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mo rá wọ abẹ́ tábìlì láti wá bátìrì. Cynthia ní, "Daddy, e don finish." Gbogbo wọn ti lọ.

Ẹ mọ ìyókù. Ìyá Elijah gba ìkíni ìkómọ fún ọmọ tó ti ń rákòrò kiri ilé. Àwọn mọ́kànlá lọ sí gbọ̀ngàn wa ní Jakpa Road fún ìpàdé tí a ti ṣe lóṣù márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n sì ṣe é! Wọ́n dìbò! Lẹ́tà kan ní Alága ń ṣàìsàn, kí a gbàdúrà fún wọn. Ibà tó ti kúrò lára wọn tipẹ́. Ogún èèyàn kó ọsàn àti búrẹ́dì lọ sílé wọn. Alága fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, òkèlè ẹ̀bà lọ́wọ́. Pásítọ̀ sì gbàdúrà náà bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò lè gbé e padà sílé.

Àárín wọn ni lẹ́tà ìbínú mi wà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Alága dá wá sílé mi, fóònù lọ́wọ́. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ bàtà.

Wọ́n ní, "Ẹ dìde. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù méje."

"Ṣé ó tọkàn yín wá?"

"Lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo sọ òtítọ́. Mo ní mo rò pé wọ́n ti kà á, wọ́n sì ti dárí jì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi di èèyàn gidi. Oṣù méje ni mo fi ń gbádùn ìdáríjì tí ẹnikẹ́ni ò fún mi.

Bàbá tún wo fóònù náà. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé gbogbo àtẹ́wọ́ yẹn, tìtorí lẹ́tà yìí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi ikùn wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ohun tí ẹ rò pé mo ti ṣe, ẹ jẹ́ kí n wá ṣe é. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ti fìlà, ẹ ó ṣàlàyé."

A jọ jẹun lọ́jọ́ yẹn. Alága, níwájú gbogbo èèyàn, mo tún tọrọ àforíjì. Ọkàn yín tóbi.

Ẹ ó bi mí pé èwo ló wá dáa jù, áàpù àbí búráúsà? Tẹjú, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ míì láti jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí o ń kọ ìròyìn ọdún lórí búráúsà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, tí gbogbo ohun tí o kọ láti àárọ̀ pòórá, mo sọ fún ọ pé pẹ̀lẹ́. Irọ́ ni. Mo jó ní balùwẹ̀. Dárí jì mí. Ìwọ náà lo wá sílé mi, tí o tún áàpù mi tò, tí òun àti búráúsà fi ń wo àpótí lẹ́tà kan náà: ohun tí mo bá kà níbí, o máa rí i lọ́hùn-ún pé mo ti kà á. Ní báyìí, èmi ń kọ tèmi nínú kọ̀ǹpútà, ìwọ ń kọ tìrẹ lórí fóònù ní Airport Road, ẹnikẹ́ni ò mọ̀yàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo iṣẹ́ yẹn gbà ọ́! Kí la wá ń jà sí?

Èmi mọ ohun tí mo ń jà sí. Lọ́jọ́ tí mo lu tábìlì yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí, pé ẹ ò ní nílò mi mọ́. Tẹjú, iṣẹ́ akọ̀wé di tìrẹ lónìí. Bí àgbà kan bá ń pariwo lé ọ lórí, jẹ́ kó sọ tán, kí o sì bu omi fún un.

Ọlọ́run á pa gbogbo yín mọ́ nílùú yìí. Iṣẹ́ yín á gbè yín. Ẹ ò ní bá ara yín jà ju ohun tí oúnjẹ ọ̀sán kan lè parí lọ. Àwọn ọmọ yín á ṣe dáadáa, wọ́n á sì fi Yorùbá dá yín lóhùn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ọdún yìí tó parí.

Ẹ máa kọ̀wé sí mi. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ ò rí èsì, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ pè mí. Ó ṣeé ṣe kí n ti tẹ nǹkan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an o.