Èmi Ni Mo Pa Àwọn Igún Igando

Mo ń fa òkú ewúrẹ́ lọ sí ìdí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ààtàn Igando nígbà tí Sìdíkátù, tó ni ewúrẹ́ náà, sáré tẹ̀ lé mi. "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ajá kankan fẹnu kàn án o! Oògùn eku ló jẹ." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, igún ni mo fẹ́ fún. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Igún ńkọ́? Àbí irin ni ikùn tiwọn ni?" Mo dá a lóhùn pé kò sí òkú ẹran tí igún kì í jẹ, kò sì sóhun tó ń ṣe é. Mo ń fa ẹrù mi lọ. Ọdún 2009 nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún mi ní ọsibítù báyìí pé ẹ̀dọ̀ mi ò gbóògùn mọ́. N ò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ìjọba ló fún Ọ̀mọ̀wé Olúdayọ̀ lówó láti ṣèwádìí lórí igún, torí pé ẹyẹ tó máa ń kún orí òrùlé wa tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Mẹ́fà péré ló kù lórí àràbà yẹn. Èmi ni mo ń bá a ṣọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí iléèwé kan ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi, tí mo ń kọ́ fúnra mi nílé, ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí síṣẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Àbújá, wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ẹyẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó tó kù. Ọ̀mọ̀wé ní kí n ra ẹran màlúù tútù lọ́wọ́ alápatà, kí n tẹ́ ẹ sídìí igi, kí àwọn igún lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹran tútù! Fún ẹyẹ tó ń jẹ òkú! Ìnákúnàá gbáà ni lójú mi, owó ará ìlú sì ni. Bí mo ṣe rí ewúrẹ́ Sìdíkátù, mo dá owó ẹran padà láìyọ kọ́bọ̀. Ọ̀mọ̀wé yìn mí gan-an. Ìyìn yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn igún náà ti nà gbalaja sórí koríko. Ọ̀kan ṣì ń mí. Ó gbórí sókè, ó wò mí, ó tún gbé e lélẹ̀. Ó yẹ kí n pe Ọ̀mọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò gbójú fo àṣìṣe ẹnikẹ́ni rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni mo gbé májèlé fún wọn? Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi orí igún ṣe oògùn. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Mo gé orí gbogbo wọn, títí kan ti èyí tó ń mí yẹn. Mo sin àwọn orí náà mọ́ ohun tó kù lára ewúrẹ́.

Nígbà tí èrò pé, orí tó pòórá ni gbogbo wọn ń sọ, kódà Sìdíkátù ò mẹ́nu kan ewúrẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ni mo fura sí. Mo ní, "Ta ló ń ta orí ẹran ládùúgbò yìí?" Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Jàfárù ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé láti ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀ ẹ́ ni kò ti ta igún mọ́. Ó tiẹ̀ máa ń lé àwọn ọmọ tó bá ń sọ òkò sí wọn. Wọ́n fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ túútúú. Ó rí mi láàárín èrò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin mà mọ̀ mí! Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, jàre!" Mo ń wo bàtà mi. Òun àti Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Àkọ̀wọ́njọ. Ìjọba dá owó ìwádìí dúró, torí pé kò sí ẹyẹ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo wá Jàfárù lọ, mo jẹ́wọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìta gbangba lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Inú yàrá lẹ wá fẹ́ ti tún un ṣe?"

Ìdí nìyí tí mo fi dìde níwájú ìpàdé àwọn onílé ní Igando lánàá. Hàbíbátù ló wá gbọ́ ọ fún ọkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ níbí yìí. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bú wa tá a bá pẹ́ dé ìpàdé!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Mo wá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ pé àṣìṣe ni ewúrẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Mo bẹ Jàfárù, mo bẹ gbogbo ilé.

Hàbíbátù so gèlè rẹ̀ le. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Màá sọ fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́." Kò sọ pé wọ́n dárí jì mí, mi ò sì bi í. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo mú ọ̀pá mi, mo jáde.